Ọ̀já Kúlúsúmù

Wàláhì, ìtàn yìí ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pè é nírọ́, kí ó lọ bi àwọn àgbà àdúgbò Bẹ̀yẹ̀rúnkà n'Ìbàdàn, kí wọ́n fi ẹ̀rín lé e jáde. Ọ̀bùn ni Kúlúsúmù ìyàwó Àkíbù, ṣùgbọ́n ọ̀bùn tó mọ oge ṣe. Ọlọ́run fún un ní ẹ̀bùn kan tí kò fún gbogbo èèyàn: ó lè sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì aṣọ ìdọ̀tí, kí ó sì máa hanrun.

Ìgbà tí rélùwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìbàdàn ló bí Sìdí. Ẹ sì mọ ọmọ ọwọ́: bó bá mu ọmú tán, yóò tọ̀. Àwọn ìyàwó ilé a di ẹrù aṣọ, a kó ọṣẹ dúdú, a forí lé odò Ògùnpa. Kúlúsúmù ńkọ́? Yóò kàn sá ọ̀já tó fi ń pọnmọ sórí ọgbà, tìtọ̀-tìtọ̀. Bó bá ti gbẹ, ó tún di ẹ̀yìn ọmọ. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́; tirẹ̀, ọmọ ló rí.

"Ọmọ yìí ò jẹ́ n ráyè." Ṣùgbọ́n ó ráyè dirun, ó ráyè lé làálì.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àkíbù fọwọ́ pa ọ̀já náà. Ó le gan-n-gan bí awọ.

"Ìyàwó, ìtọ̀ ń jẹ aṣọ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Ọ̀já yìí ló gbé ọmọ ró o."

"Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá. Oòrùn wà. Á gbẹ."

"Á gbẹ lóòótọ́. Ṣé á mọ́?"

Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ wá lọ́fíńdà.

Ojoojúmọ́ ni tolè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni tolóhun. Lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ó fi ọ̀já náà pọn Sìdí, ó wá fi ìborùn sányán bò ó. Sányán lókè, ìtọ̀ nísàlẹ̀! Ó ń ju apá sọ̀kalẹ̀ lórí Òkè Mápó, kí gbogbo Ọjà'ba lè rí i. Wọ́n sì rí i. Ó kúnlẹ̀ kí àgbà kan. Bó ti ń dìde, ọ̀já ya fààà, Sìdí já lulẹ̀ lórí àpáta.

Apá ọmọ kán. Àkíbù gbé e sáré relé. Ìyá Àkíbù ló gba Sìdí, ó fi ọ̀já tirẹ̀ tó mọ́ tónítóní pọ̀n ọ́n.

"Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni Kúlúsúmù ń fọ aṣọ Sìdí lódò, ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni Sìdí sì wà. Apá ọmọ jiná. Ó ti ń pe ìyá àgbà ní "Ìyá", ó sì ń sá fún ẹni tó bí i. Kúlúsúmù wólẹ̀.

"Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ n pọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré."

Omijé rẹ̀ rin aṣọ àyà rẹ̀ gbingbin. Ìyá Àkíbù wo aṣọ náà.

"Oòrùn wà. Á gbẹ."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: aṣọ tó gbẹ kọ́ laṣọ tó mọ́. Ìyá tó bá fi ọmọ ṣe àwáwí ìmẹ́lẹ́, ara ọmọ náà ni ìyà rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ fọ ọ̀já kí ẹ tó fọ gèlè. Bí ẹ bá sì ń rò pé ọkàn Ìyá Àkíbù padà rọ̀, ohun tó sọ kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ náà nìyí: "Oòrùn wà. Á gbẹ."