Ìbéèrè Keje

Ọmọdébìnrin kan fa àga sídìí ilẹ̀kùn, ó gùn ún, ó sì ṣí ìkọ́ òkè fún obìnrin tó ń kanlẹ̀kùn.

Òṣìṣẹ́ ìlera ni obìnrin náà. Ìwádìí ló ń ṣe láti ilé dé ilé, lórí ìbọn tó ń pa ọmọdé.

Bàbá ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò tiẹ̀ dìde.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ka ìbọn oníbọn?"

"Ilé ìwòsàn ni, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè keje: ibo lẹ ń tọ́jú tiyín sí?"

"Orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ọmọ ò lè tó o láéláé."

Obìnrin náà wo àga tó ṣì wà nídìí ilẹ̀kùn. Inú bí i, ó sì yọ àgádágodo kan nínú àpò rẹ̀.

"Ẹ gba àgádágodo yìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi ti ìbọn náà pa."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ ni? Ẹ máa lọ."

Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ó gbé àgádágodo náà sórí àga, ó sì kọ ìdáhùn ọkùnrin náà sílẹ̀ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.

Ó mọ ìdáhùn yẹn tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹlòmíì ló gbé ìwé ìbéèrè yìí wá sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ nígbà náà, ó ní, "Orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ọmọ ò lè tó o láéláé."

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀, àga ilé ìdáná ṣì wà nídìí kọ́bọ́ọ̀dù náà.