Ohùn Tó Ń Dúró

Nílé wa, ohùn màámi tó dolóògbé ló ń bá wa tan iná, òun ló ń bá wa tilẹ̀kùn, bí ohùn òkú ṣe ń ṣe nílé gbogbo èèyàn. Nígbà tó ń falẹ̀ jù, mo gbé e wá síbi iṣẹ́. Èmi àti Akínjídé, tí a jọ ń tún ohùn ṣe, tú u sórí kọ̀ǹpútà. A tan òṣùwọ̀n tó máa ń fi ibi tí àkókò ń ṣòfò sí hàn wá.

Òṣùwọ̀n ní ohùn náà kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń dúró ni, ìlà pupa tó ń fi ìdúró hàn sì ń gùn lọ.

"Òṣùwọ̀n ti bàjẹ́," Akínjídé wí. "Àbí ohùn yìí, ó ń retí àlejò ni?"

A pa á, a tún un tan. A fi wọn ohùn bàbá oníbàárà kan, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. A dá ti màámi padà, ìlà pupa ìdúró tún gùn dé etí kọ̀ǹpútà.

"Kí ni wọ́n ń dúró dè?" Akínjídé bi mí. Kò sọ pé "ó" mọ́.

Mo ṣí ìlà náà wò. Láràárọ̀, ohùn náà á pe "Àjíkẹ́", á sì máa retí ìdáhùn. Oríkì mi ni. Màámi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ṣé o kì í gbọ́ ni?"

"Mo máa ń gbọ́."

"Kí ló wá dé tí o kì í dá wọn lóhùn?"

"Àwọn fúnra wọn ló kọ́ mi. Wọ́n ní bí mo bá gbọ́ orúkọ mi, tí mi ò rí ẹni tó ń pè mí, mi ò gbọ́dọ̀ dáhùn."

"Àjíkẹ́," ni kọ̀ǹpútà pè, jẹ́jẹ́.

Akínjídé wo ojú mi. Mo panu mọ́. Ìlà pupa náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.