Irùngbọ̀n Ọ̀gá Ọbáfẹ́mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni àfi tí ẹ bá kà á tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ni Ọbáfẹ́mi ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo gbẹ́ kànga ní Port Harcourt. Iṣẹ́ yé e, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ló fi ń yangàn. Ó ń fi òróró pa á, ó ń yà á. Ní Eliozu tó ń gbé, "Beard Gang" ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pè é, inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn.

Bẹ́ẹ̀, òfin ibi iṣẹ́ wọn ni pé kí gbogbo ọkùnrin fá irùngbọ̀n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge o. Gáàsì olóró kan máa ń ti inú kànga jáde. Bí másìkì kò bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, èèyàn á fà á símú.

2. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ níbi iṣẹ́, Boma ìyàwó rẹ̀ mú réésà wá.

"Daddy Tèmi, abeg, ẹ fá a nau. Tí ẹ bá padà dé, á tún hù."

"Kí n wá dà bí ọmọ ìkókó? Fi mí sílẹ̀ jàre!"

Lẹ́nu géètì ibi iṣẹ́, Dagogo tó ń mójú tó ààbò dá a dúró.

"Oga, mask no go hold for that beard o."

"Who be oga, me abi you? You wan lose your work?"

Dagogo ní ìyàwó àti ọmọ ní Abuloma. Ó yẹra lọ́nà fún un.

3. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gáàsì jáde. Aago ìkìlọ̀ ké. Gbogbo wọn fi másìkì bojú, wọ́n ń sá. Ọbáfẹ́mi fún okùn tirẹ̀ pinpin, ṣùgbọ́n gáàsì ń gba àárín irun wọlé. Ó ṣubú.

Dagogo yí padà. Ó fà á títí, kò lè gbé e. Ló bá yọ ti ọ̀gá rẹ̀ kúrò, ó bọ́ másìkì ojú ara rẹ̀, ó fi í bo ọ̀gá rẹ̀ lójú, bóyá èyí á lẹ̀ dáadáa. Yéè! Irùngbọ̀n yẹn náà ni kò jẹ́ kí ìyẹn lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé wọn jáde, Dagogo ti kú.

4. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì fá irùngbọ̀n náà kí wọ́n lè fún Ọbáfẹ́mi ní afẹ́fẹ́. Kò pẹ́ rárá tó fi fá a tán. Ọbáfẹ́mi kò kú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́. Kò mọ Tèmiolúwa, ọmọ rẹ̀. Boma ló ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ láràárọ̀ báyìí. Ọbáfẹ́mi kì í bá a jiyàn mọ́. Ó kàn ń gbé àgbọ̀n sókè fún un ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ipò yín pa ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín lẹ́nu mọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fá a, ẹ fá a. Irun máa ń hù padà. Dagogo kò lè padà wá.