Orin Tí Kò Jẹ́ Kí Iná Ẹsẹ̀ Kú

Ẹ̀gbà ẹsẹ̀ Màmá Àsàbí, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń pa ìrora, tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ rẹ̀ láàárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibi egbò yín tún ti ń gé ọ̀rá ara wọn, wọ́n fẹ́ fi dáná ìrora. Mo fẹ́ pa iná náà o."

Bó ṣe ń pa á nìyẹn láti ìgbà tí Mosúnmọ́lá ọmọ rẹ̀ ti so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìrora ò sí lóòótọ́, àmọ́ egbò náà kọ̀, kò san. Màmá ti fura pé iná yẹn ni sẹ́ẹ̀lì fi ń pe ẹ̀jẹ̀ kó wá tún ibẹ̀ ṣe. Ta ní ń pa iná ààrò, tó tún ń retí ọbẹ̀?

Àwọn tó ṣe ẹ̀gbà náà ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́: kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, kì í sì í pa iná nígbà tí àgbà bá ṣì ń lo ẹnu. Màmá bá fi orin bọ ẹnu:

"Sẹ́ẹ̀lì mi, ẹ gé ọ̀rá, ẹ dáná o,
Kó ta mí, kó jó mi, n ò ní sá!"

Ó ń kọ ọ́ bó ti ń wẹ̀, ó ń kọ ọ́ bó ti ń gbálẹ̀, títí ìka ẹsẹ̀ fi wú, tó pọ́n bí ata rodo. Inú rẹ̀ dùn bí ìyá ọmọ tuntun.

Mosúnmọ́lá wọlé. "Yéè! Màmá, ẹsẹ̀ yín ti wú!"

Màmá dánu dúró kó lè mí.

"Ẹ kú orin, Màmá," ni ẹ̀gbà wí kíá. "Ṣé kí n wá pa á?"

"Pa á jàre!" ni Mosúnmọ́lá ké.

"Ta ló sọ fún ẹ̀yin méjèèjì pé mo ti parí?" Màmá tún gbé orin.

Ẹ̀gbà dákẹ́. Mosúnmọ́lá náà dákẹ́, torí òun náà gba ẹ̀kọ́ ilé.