Ìlà Kẹrin Tí Dókítà Fi Sílẹ̀

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ èyí fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kó bí mi. Ní ọsibítù ńlá kan lápá Ìjẹ̀ṣà, Dókítà Fadáìró ló ń ka àwòrán inú orí àti imú. Ó mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti jókòó sí i lórí bí adé.

Àwọn dókítà ibẹ̀ ti fẹnu kò pé kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ imú fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó ka àwòrán gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́wàá kan náà lórí fọ́ọ̀mù, láìfo ìkankan. Ìkẹrin ni pé, ṣé egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó pààlà imú àti ojú pé? Ọlọ́run tó ka ìgbọ̀nwọ́ ọkọ̀ fún Nóà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kò kórìíra ètò. Fadáìró ló kórìíra rẹ̀.

Nígbà tí àwòrán Ìyá Dùnmómi, aránṣọ kan tí imú rẹ̀ ti dí fún ọdún mẹ́ta, dé iwájú Fadáìró, gbólóhùn kan péré ló kọ: imú dí, ẹ ṣiṣẹ́ yín. Mátírọ́ọ̀nù gbé fọ́ọ̀mù náà padà wá, ó ní ìlà kẹrin ṣófo.

"Mátírọ́ọ̀nù, ṣé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo jọ lójú yín, tí ẹ fi ń fún mi ní ìdánwò?"

Obìnrin náà gbé fọ́ọ̀mù náà lọ pẹ̀lú ìlà tó ṣófo, kò sì yẹ kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ gbẹ́kẹ̀ lé gbólóhùn kan yẹn. Ihò sì wà lára egungun náà. Irin iṣẹ́ abẹ gba ibẹ̀ wọnú ojú, ojú ọ̀tún aránṣọ sì fọ́.

Ìgbìmọ̀ ọsibítù pe Fadáìró, wọ́n bi í léèrè. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: "Mo rí ihò náà. Mo rò pé àwọn oníṣẹ́ abẹ náà á rí i."

Ó rí i, ọmọ mi. Ó rí i, kò kọ ọ́.

Wọ́n gba àwòrán kíkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá lọ bá ìyá náà nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kó gbà á bí àmúwá Ọlọ́run. Ìyá náà ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, òwú ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò gbójú sókè.

"Dókítà, ẹ má parọ́ mọ́ Ọlọ́run. Òun kọ́ ló fi ìlà kẹrin sílẹ̀."

Ẹ̀kọ́ yín rèé: ẹni tó mọ ohun tó lè gba ọmọnìkejì là, tó wá ka kíkọ ọ́ sí àbùkù, Ọlọ́run yóò bi í léèrè. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí wà lọ́jà, ó ń wo orí náà bó ṣe ń wọ́.