Kámẹ́rà Tó Wọ Àpò

Ìyàwó akọ̀wé báńkì gbé kámẹ́rà kẹta wò nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́ lẹ́yìn ogun ní Fegge, nílẹ̀ Ígbò. Ọkọ ẹ̀ ti ní òun ò fẹ́ kó ẹrù púpọ̀ lọ sí Lomé.

"Eléyìí wọ àpò mi wẹ́kú, Bàbá Ẹ̀bùn!"

"Ṣé kò wúwo lọ́wọ́ obìnrin?"

"Kò wúwo rárá."

"Ó dáa. Ìbídùn àbúrò rẹ ló máa lò ó. Èmi àti òun la jọ ń lọ. Ìwọ, máa tọ́jú ilé."

Ó wojú ọkọ ẹ̀ bóyá ó ń ṣeré ni. Kò ṣeré.

Ọkùnrin Ígbò tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó gbé kámẹ́rà náà sójú láti dán an wò.

"Madam, smile!"

Ó sì rẹ́rìn-ín.