Ìborùn Olóògbé Lọ́rùn Àlejò

Ẹ dúró ná. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìrìn àjò, tí ẹ kì í rí nǹkan tó dára kí ọwọ́ yín má yún yín, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó di ẹrù yín. Ó ṣojú mi kòrókòró. Ọdún mọ́kànlélógún nìyí tí mo ti ń tún bàtà ṣe ní Castelvarro, ní Ítálì, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

1.
Radek wá láti Brno pẹ̀lú Jitka ìyàwó rẹ̀. Aago ló ń tún ṣe nílùú wọn, àwọn aago kéékèèké tí irin inú wọn kò ju irun ìpéǹpéjú lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń bọ́ ilé. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ di sí ìmọ̀ràn. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi ẹsẹ̀ wo ìlú wa, ìdíje ẹṣin láàárín àwọn àdúgbò wa sì ku ọ̀la.

Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ìborùn aláwọ̀ tirẹ̀, wọn kì í sì í tà á fún àlejò níbí. Ọjọ́ tí wọ́n bá wẹ ọmọ níbi orísun omi àdúgbò ni wọ́n ń fún un ní tirẹ̀, òun ni yóò sì máa so mọ́ ọrùn títí ayé rẹ̀. Bí ó bá kú, wọ́n á so ó mọ́ orísun omi náà nígbà tí ìdíje bá ku ọ̀la, kí òun náà lè wòran. Oreste, ará àdúgbò tiwa, kú nígbà òtútù. Nives, opó rẹ̀, so ti ọkọ rẹ̀ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà: funfun àti búlúù, àwọ̀ Àdúgbò Lékeléke.

Jitka ló sọ fún mi lẹ́yìn náà bó ṣe lọ nígbà tí wọ́n dé ibi orísun omi náà.

"Jitka, wo sílíìkì! Yà mí ní fọ́tò."

"Ẹlòmíì ló ni ín o."

"Ta ni? Àbí omi náà ń wọ aṣọ ni?"

"Radek, so ó padà. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ìwọ àti ẹ̀rù! Tá a bá délé, wàá yá a lò."

Ló bá wé e mọ́rùn.

2.
Wọ́n wo ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gun ilé ìṣọ́. Radek wá fẹ́ rí aago àtijọ́ tó wà lójúde ìlú, ó sì gba ọ̀nà àbùjá inú Àdúgbò Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ìyá arúgbó kan yọrí lójú fèrèsé.

"Ọmọ mi, bọ́ nǹkan ọrùn ẹ yẹn kó o tó wọ ibẹ̀ yẹn o!"

Jitka, tó gbọ́ èdè ìlú, túmọ̀ rẹ̀ fún un. Radek juwọ́ sí ìyá náà, ó yà á ní fọ́tò, ó kọjá.

Mi ò ní purọ́ fún yín, àdúgbò méjèèjì yìí máa ń jà tí ìdíje bá ku ọ̀la. Ṣùgbọ́n ìjà náà lófin: ọwọ́ lásán, kò sí igi, kò sí irin, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan àlejò.

3.
Duccio, ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin dúró níwájú wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ṣìnà. Ẹ ki ìborùn yẹn bọ àpò, kẹ́ ẹ máa lọ ní tiyín."

"Wọ́n ní kó o bọ́ ọ. Bọ́ ọ, Radek!"

"Sọ fún wọn pé èmi ni mo ni ín."

Jitka kọ̀ láti túmọ̀ rẹ̀. Radek bá fúnra rẹ̀ lu àyà: "Èmi! Lékeléke!"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi í rín. "Lékeléke yìí mà sanra o! Ṣé ó lè fò báyìí?" Duccio na ọwọ́ sí ìborùn náà. Radek gbé ọ̀pá irin tó fi ń na fóònù síwájú ya fọ́tò, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín méjì já sórí òkúta.

Wọ́n bò ó. Ẹ̀ṣẹ́ kan fọ́ imú rẹ̀, òmíràn bá a ní ìhà, ó wó lulẹ̀. Jitka figbe ta: "Ẹ gbà wá o!"

A gbọ́ ọ ní Lékeléke, a sì sáré. Fosco, oníbúrẹ́dì ẹni ọgọ́ta ọdún, ló ṣáájú wa. Kò béèrè ẹni tó ń jìyà. Ó rí àwọ̀ wa lọ́rùn ẹni tó wà nílẹ̀, ó fara bò ó, ẹ̀ṣẹ́ sì ń ba ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dí Radek lójú, kò mọ ẹni tó ń gbà á là. Ó gún ọ̀pá náà sókè. Ojú òsì Fosco ló wọ̀.

Igbe yẹn kò tíì kúrò létí mi.

Àtìgbà yẹn, òfin tán. Ẹnì kan fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ọwọ́ tó di ọ̀pá náà mú, ó tún un tẹ̀, títí ọwọ́ fi tú u sílẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń ṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni.

4.
Nives dé. Ó ká etí ìborùn náà, ó rí orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ fi òwú pupa kọ síbẹ̀: Oreste. Ó yíjú sí Fosco, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"Fosco, olè yìí lo gbà là?"

"Àwọ̀ wa ni mo rí, ìyàwó wa. Àwọ̀ wa ni mo rí."

Radek ń sunkún pé òun kò mọ̀. Nives rọra tú aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀, ó kọjú sí Jitka: "Sọ fún un pé ká ní ó béèrè ni, ǹ bá bu wáìnì fún un, ǹ bá sì sọ ìtàn ọkọ mi fún un."

Jitka kò lè túmọ̀ rẹ̀. Omijé ni.

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ni a so mọ́ orísun omi. Ojú kan ni Fosco fi wòran ẹṣin. Jitka kọ̀wé sí mi nígbà Kérésìmesì: wọ́n to egungun ọwọ́ náà, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́. Ilé onílé ni Jitka ń gbá kí wọ́n tó jẹun. Ọkọ rẹ̀ máa ń ṣí aago sílẹ̀, á sì jókòó tì í.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá dé ìlú onílùú, ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Tí wọ́n bá ní ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ gbé e kalẹ̀. Ẹ má sì pe ara yín ní ohun tí ẹ kì í ṣe, torí ẹlòmíì lè torí ẹ̀ fi ojú rẹ̀ ṣòfò. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń múra ìrìn àjò lọ́wọ́.

Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́: àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.